Ìtọ̀ Eku Ni Ká Bẹ̀rù, Kì Í Ṣe Eyín Rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé l'Ékìtì, tí iná oko ń jó lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, tí eérú ń bà sórí aṣọ tí a sá, nǹkan méjì ló máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn: eruku àti eku. Eruku la máa ń bínú sí. Ti eku, a ó ní "àwọn wọ̀nyí tún ti dé", a ó ra pańpẹ́ kan ní Ọjà Bísí, a ó gbé e sẹ́yìn àpò ìrẹsì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àfi tí rédíò bá kéde pé ibà Lásà ti tún pa èèyàn l'Ọ́wọ̀. Ìgbà yẹn ni jìnnìjìnnì á mú gbogbo ilé. Wọn á da oògùn eku sí gbogbo kọ̀rọ̀, wọn á máa yẹra fún aládùúgbò tó bá wúkọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnu àpò gààrí ti tún ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí wọ́n bá fura sí: "Ṣé eku gé ọ jẹ ni?" Bó bá ní rárá, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eyín kọ́ ni ọ̀nà tí àìsàn yìí sábà máa ń gbà wọlé. Ìtọ̀ ni. Ìtọ̀ tó gbẹ sára abọ́, ìtọ̀ tó kán sínú gààrí, ìgbẹ́ eku tí a fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá títí ó fi di eruku tí a fà símú. Ẹni tó bá mọ èyí, ohun tí yóò máa ṣe nílé rẹ̀ yóò yàtọ̀ gédégédé sí ti ẹni tó ń sọ́ eyín eku.

Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni àìsàn náà ti gba orúkọ. Ní 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ṣàìsàn níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos náà kú. Ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ó yè, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti rí fáírọ́ọ̀sì náà. Nítorí pé ilé ìwòsàn ni ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ń kó o lára aláìsàn, èrò tó dúró lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àìsàn tí èèyàn ń kó ran èèyàn ni. Òótọ́ ni pé ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ àti èébì láìwọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni orísun.

Ní 2018, nígbà tó lé ní 600 èèyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, ẹ̀rù ba àwọn onímọ̀ pé bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti yí ìwà padà, ó ti ń fò láti ara èèyàn sí ara èèyàn. Wọ́n yẹ àbùdá èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wò. Ti ẹnì kan kò jọ ti ẹnì kejì débi tí a fi lè ní ara wọn ni wọ́n ti kó o. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ eku ni kálukú ti gbà á, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ìpolongo orí rédíò lọ. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ní Lásà, ó ṣeé ṣe kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgọ́rùn-ún ilé ìdáná ni eku ti tọ̀ sí.

Eku wo gan-an? Kì í ṣe òkété, kì í ṣe àsín tó ń rùn, kì í sì í ṣe ẹ̀lírí. Eku tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́súrẹ́sú bí erùpẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun díẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn tó ara rẹ̀. Ọmú ni wọ́n fi ń dá abo rẹ̀ mọ̀: ó tò láti àyà dé abẹ́ ikùn, ó lè tó 24, nígbà tí ti eku ilé lásán kì í sábà ju 12 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é ní eku ọlọ́mú-púpọ̀. Mastomys natalensis ló ń jẹ́ nínú ìwé wọn. Ọmú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Ó ń bímọ rẹpẹtẹ, ó sì ń bí i yíká ọdún. Ibi tí a ti wá jìyà rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn inú ilé bó ṣe fẹ́ràn oko, àìsàn náà kì í sì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ á le koko, á máa jẹ, á máa sáré, á sì máa tọ fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbi tó bá ń gbà kọjá fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má tìtorí èyí gbé òkú eku síwájú kí ẹ máa ka ọmú rẹ̀ o. Wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì yìí lára irú eku mìíràn náà ní Nàìjíríà, nítorí náà gbogbo eku tó bá wọlé yín, ẹ ṣe é bí ẹni tó ní in.

Èkìtì bá Oǹdó àti Kogí pààlà. Oǹdó àti Ẹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lásà ń bá fínra jù lọ́dọọdún, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí wa. Eku kò ka pátákó "Ẹ káàbọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì" kó tó rékọjá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, ni àìsàn náà máa ń gbilẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó rí: a ti kórè, a ti kó oúnjẹ wá sílé, a ti tún finá sí ìgbẹ́. Ilé eku jó, oúnjẹ rẹ̀ sì wà nílé wa. Níbo la fẹ́ kó lọ?

Gààrí, ẹlùbọ́ àti ìdérí

Ilé ìdáná ni ìjà yìí wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká pẹ́ sí.

Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì Lásà. Iṣu tó hó tí a gún, ọkà tí a rò lórí iná, ọbẹ̀ tó hó dáadáa, kò sí ewu nínú wọn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gààrí tí a ń yan nínú agbada náà, iná ti jó ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ohun tó tẹ̀lé yíyan: a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀, a ní ó di àárọ̀ ká tó kó o sápò. Lóru yẹn ni eku ń rìn lórí rẹ̀, eku kì í sì í dúró kó tó tọ̀, ó ń tọ̀ bó ṣe ń lọ ni. Lẹ́yìn náà gààrí yẹn á dé ọjà, á jókòó nínú bàsíà tó ṣí sílẹ̀, ìsọ̀ á tì lálẹ́, eku ọjà náà á tún fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó bá wá rà á tó fi omi tútù àti ẹ̀pà mu ún lọ́sàn-án, kò sí iná kankan láàárín òun àti ìtọ̀ yẹn. Ẹ̀bà tí a fi omi tó ń hó yaya tẹ̀ sàn jù ú lọ. Èyí tí a fi omi tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀, mi ò lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má mu gààrí mọ́. Ta ló máa gbọ́? Ohun tí mo ń sọ ni pé gààrí tí ẹ óò mu ní tútù ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bo ọjà rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, inú ohun tó ní ìdérí ni kó wọ̀ ní ọjọ́ tó dé ilé gan-an.

Ẹlùbọ́ àti láfún tí a ń sá lórí àpáta àti létí títì tún ní tiwọn. Oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ìṣòro. Alẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ máa ń ta tapólì bò ó, wọ́n rò pé àwọn ti ṣe nǹkan, bẹ́ẹ̀ ilé ni tapólì yẹn jẹ́ fún eku: ó ṣókùnkùn, ó móoru, oúnjẹ wà níbẹ̀. Kíkó ni kí ẹ kó o wọlé nírọ̀lẹ́, ojoojúmọ́, kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ dì í sínú ohun tó dé, kí ẹ tún tẹ́ ẹ láàárọ̀. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀. Ẹlùbọ́ sàn díẹ̀ ju gààrí lọ nítorí pé orí iná ló ń lọ kó tó di àmàlà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń kó o, tó ń gún un, tó ń jọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ tó ń wọ imú, gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ kó tó dé orí iná.

Àpò kò dá eku dúró. Ìbáà jẹ́ sáàkì, ìbáà jẹ́ àpò ọ̀rá, òru kan ti tó o láti jẹ ẹ́ lu. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kò dá a dúró bó bá ti rí etí kan tó ṣe é gé. Garawa ọ̀dà tí ìdérí rẹ̀ ń dún "kọ́" tó bá wọ̀, èyí tí a ti fọ̀ tí òórùn ọ̀dà ti tán lára rẹ̀ pátápátá, tàbí dúrọ́ọ̀mù onídèérí fún èyí tó bá pọ̀, ni ìdáhùn. Ẹ gbé wọn sórí pákó tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí àyè tó tó bẹ́ẹ̀ sì wà láàárín wọn àti ògiri. Ohun tí àyè yẹn wà fún ni pé eku fẹ́ràn láti máa rìn mọ́ ògiri lábẹ́ òkùnkùn. Bí ẹ̀yìn garawa bá ṣófo tí ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀, kò ní ibi tó máa kọ́lé sí, ẹ̀yin náà á sì tètè rí ìgbẹ́ rẹ̀.

Omi náà ńkọ́? Lẹ́ẹ̀rùn, òùngbẹ ń gbẹ eku bó ṣe ń gbẹ wá. Ìkòkò omi tí kò ní ìdérí, bàsíà tí a fi gbomi àárọ̀ sílẹ̀, eku á mu níbẹ̀, á sì fi tirẹ̀ dípò. Ẹ da abọ́ dojú dé lẹ́yìn fífọ̀. Abọ́ àti ṣíbí tó sun ìta mọ́jú, ẹ tún un fọ̀ kí ẹ tó fi jẹun, bí a bá tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lánàá. Ohun mímu alágolo láti sítọ̀ ọlọ́jà, ẹ fi ọṣẹ àti omi nu orí rẹ̀ kí ẹ tó fẹnu kàn án. Tí ẹ bá rí i pé eku ti jẹ lára oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dànù. Àwọn ìyá wa máa ń bu òkè rẹ̀ dànù kí wọ́n lo ìyókù, torí owó gààrí ń dun èèyàn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kì í dúró lókè, kò sì ní àwọ̀ tí a lè fi mọ ibi tó dé. Owó gààrí tí a dànù lẹ́ẹ̀mejì ti lè ra garawa onídèérí.

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ

Ẹ ṣí sítọ̀ tí ẹ kò dé láti oṣù mẹ́ta, ẹ bá ìgbẹ́ eku nílẹ̀. Ọwọ́ lọ sí ìgbálẹ̀. Ẹ dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ ná. Ìgbálẹ̀ ń sọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbígbẹ di eruku, imú wa ló sì ń gbà á. Kì í ṣe Lásà nìkan ló ń gba ọ̀nà yìí. Hantavirus, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó pa àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní 1993, eruku ìtọ̀ eku oko kan tó máa ń wọ ilé ni wọ́n fà símú. Eku tibẹ̀ yàtọ̀, fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tó ń gbà wọlé jọra.

Omi ni a fi ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí kò bá sí, ọ̀rá méjì tó nípọn lórí ara wọn lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ po bílíìṣì. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀: 3.5% ló wà lára èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ wa. Ife kan rẹ̀ sínú ife omi mẹ́fà ló máa fún yín ní 0.5%, èyí tó lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ 5% ni wọ́n kọ sára ìgò, ife omi mẹ́sàn-án ni. Ẹ rọra dà á sórí ìgbẹ́ náà títí yóò fi rin gbindin, ẹ má fọ́n ọn láti òkè tí yóò fi ta eruku sókè. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí àkísà nù ún, kó o sínú ọ̀rá, di ẹnu rẹ̀, fi sínú ọ̀rá kejì, kí ẹ sin ín jìnlẹ̀ tàbí kí ẹ sun ún. Ẹ tún fi bílíìṣì yẹn nu ilẹ̀ àyíká rẹ̀. Ẹ fọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó bọ́ ọ, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ. Òkú eku, bákan náà: bílíìṣì kọ́kọ́, ọwọ́ lẹ́yìn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀. Àwọn kan á da ìdérí bílíìṣì kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kíkún, òórùn lásán ni wọ́n pò. Àwọn mìíràn á po tòní, á wà nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin, agbára rẹ̀ á ti lọ. Èyí tí ẹ máa lò lónìí ni kí ẹ pò lónìí. Àwọn kan á dà á, á nù ún lójú ẹsẹ̀ láìdúró. Àwọn mìíràn, tó léwu jù, á pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pé kó lè "le" sí i: afẹ́fẹ́ tó máa ti inú rẹ̀ jáde lè dí èèyàn lọ́nà ọ̀fun kí eku tó ṣe nǹkan kan. Bí kò bá sí bílíìṣì nílé rárá, omi ọṣẹ tó ki sàn ju ìgbálẹ̀ gbígbẹ lọ lọ́nà púpọ̀, nítorí ọ̀rá ló bo fáírọ́ọ̀sì yìí lára, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá ká.

Bí ògiri kò bá lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ti eku náà nìyẹn, àfi pé ẹnu tó nílò kéré ju bí a ṣe rò lọ. Ihò tí pẹ́ńsùlù lè wọ̀, nǹkan bí mìlímítà mẹ́fà, ti tó fún eku kékeré. Èyí tí àtàǹpàkò wọ̀ ti tó fún àgbà rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí wọn ni kí ẹ wọnú sítọ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó sínú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, ẹ fi ẹfun sàmì sí i.

Ẹ ki kànrìnkànrìn onírin sínú ihò náà gbọn-in gbọn-in, ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan àti yanrìn ìwọ̀n mẹ́ta rẹ́ ẹ. Àkísà, fóòmù, pákó, bébà, oúnjẹ òwúrọ̀ ni fún eku. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lójú fèrèsé sítọ̀ kò dá a dúró. Wáyà onírin tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́fà lọ ni kí ẹ fi sí i. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pákó, ẹ kan páànù mọ́ ọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà sókè, kó má fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé ni orí ògiri, níbi tí páànù ti pàdé rẹ̀: ìgbì páànù ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ ń gbọ́ tó ń sáré lórí àjà lóru, ibẹ̀ ló gbà. Ẹ̀ka igi tó bá kan òrùlé, ẹ gé e. Igi ìdáná, ẹ tò ó sórí nǹkan tó ga, kó jìnnà sí ògiri. Àkìtàn, kó tó ọgbọ̀n mítà sílé, bí ilẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àká tó dúró lórí òpó, ẹ fi páànù ṣe bí agbòòrùn dídé yí òpó kọ̀ọ̀kan ká ní nǹkan bí mítà kan sókè ilẹ̀, kí àkàbà má sì sun ibẹ̀.

Nípa pípa eku: pańpẹ́ kan kò tó nǹkan. Mẹ́fà lóru kan sàn ju ẹyọ kan lóru mẹ́fà lọ. Ẹ gbé wọn sẹ́bàá ògiri, kí ibi tí ìjẹ wà kọjú sí ògiri, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà méjì sí mẹ́ta. Ẹja gbígbẹ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ ti tó. Tí ìjẹ bá pọ̀ jù, á jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ láìtẹ pańpẹ́. Ẹ má dí ihò láìdẹ pańpẹ́ nínú ilé lọ́sẹ̀ kan náà, kí ẹ má baà ti àwọn tó wà nínú mọ́nú. Ní San Joaquín, ìlú kékeré kan ní Bolivia, ìbátan Lásà kan tó ń jẹ́ Machupo ń pa wọ́n lọ ràì láwọn ọdún 1960. Pańpẹ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀: wọ́n dẹ ẹ́ káàkiri ilé gbogbo, eku dínkù, àìsàn náà sì rọlẹ̀.

Gọ́ọ̀mù eku tí wọ́n ń tà kiri, èmi kò fara mọ́ ọn. Eku tó lẹ̀ mọ́ ọn láàyè á máa jà, á máa tọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, ìtọ̀ yẹn gan-an la sì ń sá fún. Oògùn eku tí kò ní orúkọ lára, inú àjà ni eku tó jẹ ẹ́ máa ń kú sí, ọmọdé, adìẹ àti ajá sì lè kó sí i. Ológbò dára, ó ń lé eku, ṣùgbọ́n ó tún ń gbé òkú eku wá sí orí ẹní.

Ti ọlọ́dẹ àti olóńjẹ ìgbẹ́

Èmi kò ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹ eku ìgbẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ jíjẹ kọ́ ló wà níbẹ̀ jù, nítorí ẹran tó jinná dáadáa, iná ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ewu wà nínú ohun tó ṣáájú ìkòkò: mímú un láàyè, dídá ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wọ abẹ́ èékánná, ọbẹ kan náà tí a tún fi gé tòmátò. Ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ kó má ṣe é. Ẹni tó bá ń ṣe é kó wọ ìbọ̀wọ́, kó da ìfun rẹ̀ sínú kòtò, kó fi ọṣẹ fọ ọbẹ àti pátákó kó tó kan nǹkan mìíràn. Èyí tí ẹ bá bá tó ti kú fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á.

Òkété náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2003, wọ́n kó oríṣiríṣi ẹranko ìran eku láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà fún títà bí ẹran ọ̀sìn, òkété wà lára wọn. Fáírọ́ọ̀sì mpox, àìsàn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, bá wọn lọ, ó ran àwọn ẹranko ọ̀sìn tí wọ́n jọ wà nílé ìtajà, èèyàn 47 ló sì kàn lára.

Nígbà tí ibà bá dé

Láti ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì Lásà bá wọ ara, ó lè tó ọjọ́ méjì sí mọ́kànlélógún kí ara tó gbóná. Nínú èèyàn mẹ́wàá, mẹ́jọ kò ní mọ̀ ju pé ara wọn ṣàárẹ̀ díẹ̀ lọ. Àwọn méjì tó kù ni ọ̀rọ̀ wà fún. Á bẹ̀rẹ̀ bí akọ ibà: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́. Ọ̀fun á máa dùn ún, àyà, ẹ̀yìn, inú, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Ojú wíwú àti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu tàbí nímú, ìkẹyìn ni wọ́n ń dé, ọ̀pọ̀ kò sì ní ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dúró kó rí ẹ̀jẹ̀ kó tó gbà pé Lásà ni, ó ti pẹ́.

Ohun tó ń pa wá l'Ékìtì ni pé gbogbo ara gbígbóná la ń pè ní ibà tí ẹ̀fọn ń fà, tàbí táífọ́ọ̀dù. Kẹ́míìsì á fún wa ní oògùn ibà, ọjọ́ kẹta á fi abẹ́rẹ́ kún un, ọjọ́ kẹfà á so omi sí wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ribavirin, oògùn tí wọ́n ń fi tọ́jú Lásà, láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún àìsàn yìí. Nítorí náà, tí ẹ bá ti lo oògùn ibà dáadáa fún wákàtí 48, tí ara sì ń gbóná síbẹ̀, ẹ kúrò ní kẹ́míìsì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. L'Ékìtì, ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà ní Adó àti ní Ìdó. Kí ẹ sì la ẹnu sọ ọ́ fún dókítà láìdúró kó bi yín: "Eku wà nílé wa", "Ọ̀wọ̀ ni mo ti ń bọ̀", "Mo tọ́jú ẹnì kan tó kú." Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè mú kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò Lásà lọ́jọ́ náà dípò ọjọ́ kẹjọ. Ẹ lè pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232 lọ́fẹ̀ẹ́.

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dúró wákàtí kan. Bí Lásà bá mú un ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó máa ń jẹ́ pé ìyá, ọmọ, tàbí àwọn méjèèjì ló ń bá a lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń retí ọkọ̀, ẹnì kan péré ni kó tọ́jú aláìsàn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Kí abọ́ àti ṣíbí rẹ̀ dá wà. Èébì àti ẹ̀jẹ̀, ẹ da bílíìṣì 0.5% yẹn lé e lórí kí ẹ tó nù ún. Bó bá di pé ó kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ òkú náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìlera ṣe é. Mo mọ ohun tí wíwẹ òkú jẹ́ fún wa, mo sì mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń le jù nìyẹn láàárín mọ̀lẹ́bí.

Ẹni tó yè, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn ni etí rẹ̀ máa ń di. Ìdajì wọn á tún gbọ́ràn díẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta. Ọkùnrin tó yè kó lo kọ́ńdọ̀mù fún oṣù mẹ́ta, nítorí fáírọ́ọ̀sì náà ń pẹ́ nínú àtọ̀. Àwọn tó fara kàn án nígbà tó ń ṣàìsàn, òṣìṣẹ́ ìlera á máa wọn ìgbóná ara wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kò pọn dandan kí ará àdúgbò kọ̀ láti ta ọjà fún wọn láàárín ìgbà yẹn; ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì gbóná kò tíì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejìlélógún, tí ara kò bá gbóná, ó ti bọ́. Ẹ pè é wá jẹ iyán.